Òṣùká Kí Ẹrù Tó Dé: Àyẹ̀wò Òwe Márùn-ún Lórí Ọmọ Bíbí

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbaradì fún ìdánwò ṣàlàyé ojú tí Yorùbá fi ń wo ọmọ bíbí, òwe ni yóò kọ́kọ́ kó sílẹ̀. Yóò ní Yorùbá fẹ́ràn ọmọ púpọ̀, yóò sì to òwe léra bí ẹni to igi ìdáná. Àléébù irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni pé ó gbà pé ohùn kan ṣoṣo ni gbogbo òwe fi ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Ṣe ni àwọn òwe tí ó jẹ mọ́ ọmọ ń bá ara wọn jiyàn. Ohun tí wọ́n sì ń jiyàn lé lórí ni èyí: ta ni yóò ru ẹrù ọmọ, ìgbà wo ni ó sì yẹ kí onítọ̀hún wá òṣùká?

Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni “Ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ.” Ìhun rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: abala méjì tí ó dọ́gba, pẹ̀lú àwítúnwí ọ̀rọ̀ kan náà ní ìparí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí ó so abala kìn-ín-ní mọ́ èkejì, kò sí “bí,” kò sì sí “nítorí.” Olùgbọ́ ni ó ń fi ìdí ọ̀rọ̀ kún un fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì máa fi kún un pé ọmọ ni ó fa òṣì. Òwe kò wí bẹ́ẹ̀. Kò dárúkọ ẹni tí ó bí àwọn ọmọ náà, kò sì sọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ onítọ̀hún kí ó tó bí wọn. Ó ka ọmọ, ó ka òṣì, ó fi òbí sílẹ̀ láìkà. Àléébù rẹ̀ tí ó tóbi jù nìyí.

Òwe kejì dà bí ẹni pé ó takò ó pátápátá: “Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.” Òwe yìí bá ayé àgbẹ̀ mu. Lóko, ọmọ kékeré ti ń lé ẹyẹ, ó ń pọn omi, ó sì ń ru iṣu. Ẹni tí ó bí i ń jẹ èrè rẹ̀ kí ó tó darúgbó. Síbẹ̀, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí abala tí ó ṣáájú: “Bí òkété bá dàgbà tán.” Ọmú tí arúgbó yóò mu lọ́la, orí ọmú tí òun náà fún ọmọ lánàá ni ó dúró lé. Ojúṣe ni ó ṣáájú èrè. Àṣà pàápàá jẹ́rìí sí i. Láyé àtijọ́, ìyá a máa fún ọmọ lọ́mú fún nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta, òun àti ọkọ rẹ̀ kì í sì í sùn pọ̀ títí a ó fi já ọmọ náà lẹ́nu ọmú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní àwọn baba ńlá ń bímọ láìronú kò sọ òtítọ́.

Ilé-ìwé ni ó yí ìṣirò òkété padà. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1955, owó ilé-ìwé kúrò lọ́rùn òbí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ náà kúrò lóko. Ọmọ tí í bá òbí ṣiṣẹ́ wá di ẹni tí òbí ń ṣiṣẹ́ fún.

Òwe kẹta ni “Ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó.” Agboolé ni ó bí òwe yìí. Bí a bá gbé e lọ sí Abúlé Adó, lẹ́bàá títì tí ó ti Èkó lọ sí Badagry, nítòsí Festac Town tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà ti 1977, ohun mìíràn ni a ó bá pàdé. Yàrá àyágbé ni ó wà níbẹ̀. Agboolé ti jìnnà. Kì í ṣe ohun àjèjì kí onílé béèrè iye ọmọ kí ó tó gba owó ilé. Ìyá àgbà wà ní ìlú rẹ̀, ẹni tí yóò sì mójú tó ọmọ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ tajà ní Trade Fair yóò gbowó. Igba ojú ṣì wà, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ọ̀kan ti ní iye tirẹ̀. Òwe kò parọ́. Ìpìlẹ̀ tí ó dúró lé ni ó yẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ dá sí àríyànjiyàn yìí ní 1988, nígbà tí ó gbé ìlànà kan jáde lórí iye ènìyàn, tí ó dábàá ọmọ mẹ́rin fún obìnrin kọ̀ọ̀kan. Ipa òwe kìn-ín-ní ni àbá yìí tọ̀: ó ka ọmọ. Àléébù rẹ̀ kò fara sin, nítorí ọkùnrin tí ó ní ìyàwó mẹ́ta lè bí méjìlá láìré àbá náà kọjá. Ní 1989, King Sunny Adé àti Onyeka Onwenu gbé orin méjì jáde fún ìpolongo ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Àkọlé wọn ni “Wait for Me” àti “Choices.” Dídúró ni ti àkọ́kọ́, yíyàn ni ti èkejì. Àkọlé méjèèjì kúrò lórí iye, wọ́n bọ́ sórí àkókò àti ìpinnu. Ní ti èrò, wọ́n ṣíwájú ìlànà ìjọba.

Yíyàn yìí kò ṣàjèjì sí òwe. “Kàkà kí n bí ẹgbàá ọ̀bùn, ma kúkú bí ọ̀kan ṣoṣo ọ̀gá.” Nínú àwọn òwe tí a yẹ̀ wò níhìn-ín, èyí nìkan ni òbí ti la ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “N” àti “ma” ni ó gbé ẹrù náà ka orí ẹnì kan. “Kàkà” sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó rò ó kí ó tó ṣe é. Ṣùgbọ́n òwe yìí náà ní àbùkù. Ó sọ̀rọ̀ bí ẹni pé inú ni ọ̀bùn ti í wá. Kò sí ọmọ tí a bí ní ọ̀bùn. Àìrí-ìtọ́jú ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Òwe karùn-ún ni ó tún àbùkù náà ṣe: “Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.” Ìfọ̀rọ̀dárà wà lára “kọ́” méjèèjì, tí ohùn wọn kò yàtọ̀. Ẹni tí yóò kọ́lé a máa ṣírò búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì kí ó tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Òwe ń béèrè ìdí tí ẹni náà kò fi ṣírò oúnjẹ, ìwé àti ìtọ́jú kí ó tó bímọ. “A kò kọ́” ni òwe wí; ọrùn òbí ni ẹ̀bi wà.

Ó yẹ kí olùkọ́ jẹ́ kí ó yé akẹ́kọ̀ọ́ pé kíkó òwe jọ kò tó. Kí wọ́n tún mọ ìgbà tí a ń pa á. “Ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ” tí a pa fún ọkọ àti ìyàwó tí kò tíì bímọ jẹ́ ìmọ̀ràn. Bí a bá pa á fún ẹni tí ọmọ ti kún ilé rẹ̀, ó di èébú, àwọn ọmọ tí kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó bí wọn ni yóò sì gbọ́ ọ. Òṣùká ni òwe wọ̀nyí. Kí ẹrù tó gun orí ni a ń wá òṣùká.