Ta Ní Ń Rẹ Ọ̀ṣun Lẹ́kún? Etí Kétu àti Ìbànújẹ́ Inú Orin Bùràsíìlì Òde Òní

Ní ibùdókọ̀ Kétu, ní agbègbè Kosofe ní Èkó, orúkọ ìlú kan ni àwọn kọ̀ǹdọ́ fi ń jí wa lójoojúmọ́: "Kétu, Mile 12! Kétu, Mile 12!" Ìlú Alákétu tí ọmọ ogun Dahomey fọ́ ní 1886 ni orúkọ náà ń mú wá sí ọkàn onímọ̀ ìtàn. Òun kan náà ni àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé kan ní Bahia ń jẹ́, tí wọ́n ń pe ara wọn ní orílẹ̀ Ketu. Orúkọ kan tí ibi mẹ́ta ń jẹ́ yìí ni ó mú mi gbà pé mo ní ẹ̀tọ́ sí Encarnado, àwo orin àkọ́kọ́ tí Juçara Marçal dá kọ, tí ó jáde ní 2014. Inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà Ikorodu ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, tí òórùn tòmátì Mile 12 gba inú ọkọ̀ kan. Ìjẹ́wọ́ ni iṣẹ́ yìí jẹ́ pé ẹ̀tọ́ náà kò tó bí mo ṣe rò.

Bùràsíìlì tí Èkó mọ̀ kì í sunkún. Àwọn Àgùdà ni wọ́n gbé e wá bá wa: ilé alárà, eré Caretta, Frejon Ọjọ́ Ẹtì Rere, lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀lù dé. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ ti wà nínú orin wọn tipẹ́, àwọn òrìṣà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1966, ọdún tí ìwé Babalọlá lórí ìjálá jáde, ni Baden Powell àti Vinicius de Moraes gbé àwo Os Afro-Sambas jáde. Orin kan níbẹ̀ ń jẹ́ ìdárò Èṣù. Ẹni tí a tọ́ nílẹ̀ wa yóò dúró díẹ̀ lórí àkọlé yẹn. Èṣù ni ó ń dárò?

Marçal jẹ́ ọ̀kan nínú ẹni mẹ́ta tí ó wà nínú ẹgbẹ́ Metá Metá ní São Paulo. Kiko Dinucci àti Thiago França ni àwọn méjì yòókù. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 2011. Mẹ́ta-mẹ́ta ni orúkọ ẹgbẹ́ náà lẹ́nu wa, àwa onímọ̀ Yorùbá a sì máa yọ̀ mọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jù. Bí orin Bùràsíìlì bá ti kàn wá létí, ọ̀rọ̀ Yorùbá inú rẹ̀ ni a ó máa ṣà bí adìẹ ṣe ń ṣa àgbàdo, tí a ó sì máa tún àmì ohùn rẹ̀ ṣe. Orin náà fúnra rẹ̀ yóò ti kọjá lọ.

Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Orin kan wà nínú Encarnado tí ń jẹ́ "Odoya", èyí tí í ṣe Odò Ìyá, ìkíni fún Yemọja. Èdè Potogí kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá wọnú orin, etí Kétu lè gbọ́ odò ìyá, ó sì lè gbọ́ odò ìyà. Mo kọ ojú ìwé mẹ́rin lórí èyí nígbà kan, pé ìsọnù ohùn gan-an ni ìbànújẹ́ orin náà. Mo ti fa ojú ìwé wọ̀nyẹn ya. Ẹni tí ń kọrin kò sọ ohunkóhun nù. Èmi tí mo ń gbọ́ ni mo ń gbọ́ àdánù. Bí a bá sì ní kí a máa bínú sí orin tí kò tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì Èkó ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìran mélòó ni ó ti fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kọ orin mímọ́ Yorùbá, tí ọ̀rọ̀ ń lọ sókè nígbà tí orin ń lọ sísàlẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ó mú Ekundayo Phillips kọ ìwé rẹ̀, Yoruba Music, ní 1953.

Ohun tí ó yẹ kí a gbọ́ wà níbòmíràn. Gìtá ni ó gbé àwo yìí ró. Kò sí ìlù tí ń darí ẹsẹ̀. Fún ẹni tí ó ti gbà pé ìlù ni òrìṣà ń gbọ́, òfo ńlá ni èyí. Nínú òfo yẹn ni orin "Canção pra Ninar Oxum" ti wáyé: orin tí a fi ń mú Ọ̀ṣun sùn. A mọ orin arẹmọlẹ́kún nílẹ̀ yìí. Ìyá ń kọ ọ́ fún ọmọ, ìyá àgbà ń kọ ọ́ fún ọmọ-ọmọ. Ẹni tí ó jí ni ó ń kọ ọ́ fún ẹni tí kò ì mọ ayé. Ọ̀ṣun ni a ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Oríkì ni a fi ń pè é, kí ó lè jí sí ọ̀rọ̀ wa, kí ó dìde, kí ó dá wa lóhùn. Ta ni yóò pe òrìṣà kí ó sùn? Nínú ìtàn, àwọn òrìṣà obìnrin a máa sunkún: ìbànújẹ́ ni wọ́n ní ó sọ Ọya di odò. Ṣùgbọ́n nínú orin àti oríkì tí mo mọ̀, a kì í jókòó tì wọ́n láti rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Àkọlé orin yìí yí ipò padà: ọmọ di ìyá fún òrìṣà. Ojú mi, ibẹ̀ ni ọgbọ́n àwo náà wà. Kò sọ pé òrìṣà kò lágbára mọ́. Ó ní ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ìgbà tí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ "Ciranda do Aborto", orin Dinucci, ni ọ̀rọ̀ náà tó dun ni. Ciranda jẹ́ ijó agbo ní àríwá ìlà-oòrùn Bùràsíìlì, tí a ń di ara wa lọ́wọ́ mú jó. Agbo yìí ni a fi yí oyún tí a ṣẹ́ ká. Ọ̀ṣun ń sùn lápá kan, oyún ń bọ́ lápá kejì. Kò sì sí ẹni tí ó ṣàlàyé fún wa bí ọ̀kan ṣe kan èkejì. Bí wọ́n bá ṣàlàyé rẹ̀ ni, orin náà ì bá ti di ìwàásù.

Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ni yóò pe èyí ní saudade, kí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí àárò Áfíríkà. N kò gbà. Àwọn elédè Potogí a máa ní saudade, wọ́n a sì máa pa á nígbà tí wọ́n bá fojú kan ẹni tí wọ́n ń retí. Nínú èdè tiwa, àárò ni ó ń sọ ènìyàn. Ẹnìkan kì í pa á. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì ń wo ẹni tàbí ibi tí ó jìnnà. Encarnado kò wo ọ̀nà jíjìn. Àkọlé rẹ̀ túmọ̀ sí pupa, ó tún túmọ̀ sí ohun tí ó gbé ẹran ara wọ̀. Ikú tí ó wà nítòsí, nínú ara, ní São Paulo, ni ó ń kọrin nípa rẹ̀. Ọ̀fọ̀ ni, kì í ṣe àárò. Bí a bá sọ pé àwa ni wọ́n ń ṣàárò, a ti gba òkú wọn lọ́wọ́ wọn.

Mo fi orin Ọ̀ṣun yìí han kíláàsì mi láìsọ àkọlé rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n dákẹ́. Nígbà tí mo sọ àkọlé, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ikosi na ọwọ́, ó ní: "Ọ̀gá, bí Ọ̀ṣun bá sùn, ta ni yóò wá rẹ ẹni tí ń kọrin lẹ́kún?" Mo ní kí ó lọ fi ìbéèrè náà kọ iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. N kò tíì rí i gbà.