Ajá Kì í Ṣe Ọmọ Àlè: Àríwísí lórí Èdè-Ìperí fún Ajá Ìbílẹ̀ àti Ajá Àdàlù

Ìfáárà

Ẹni tó bá mú ajá lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn ẹranko ní Àbújá, ìbáà jẹ́ ní Gwarinpa tàbí ní Kubwa, yóò bá ìlà kan pàdé lórí káàdì: ẹ̀yà ajá. Bí ajá náà bá jẹ́ Rottweiler tàbí Boerboel, kò sí ìṣòro. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ irú èyí tó ń sùn sẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ilé wa, oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀: 'local', 'mongrel', 'mixed', 'cross'. Ní ìgboro, 'ekuke' ni wọ́n ń pè é, tàbí kí wọ́n kàn pè é ní Bingo, bí kì í tilẹ̀ ṣe orúkọ rẹ̀. Nínú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn ẹranko nílẹ̀ yìí pàápàá, 'local', 'indigenous' àti 'mongrel' máa ń rọ́pò ara wọn bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, àti pé Yorùbá tí a fi ń túmọ̀ wọn tún dá kún ìdàrúdàpọ̀ tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò yẹ ajá

'Ọmọ àlè' ló máa ń yá àwọn ènìyàn lẹ́nu jù fún 'mongrel'. Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni, ọ̀rọ̀ ogún ni, ó sì jẹ́ èébú tó lè tú ẹbí ká. Kí a tó lè pe ènìyàn ní ọmọ àlè, ọkọ kan gbọ́dọ̀ wà nílé tí ìyá rẹ̀ kò bí i fún. Ajá wo ló ṣe ìdána? Ẹbí ajá wo ló gba owó orí ìyàwó? Bí abo ajá bá ń wá akọ, akọ tó bá débẹ̀ ló ń gùn ún, àwọn ọmọ inú oyún kan ṣoṣo sì lè ní ju bàbá kan lọ. Bí a ṣe dá a nìyẹn. Kò rú òfin ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá pè é ní ọmọ àlè ń fi ìtìjú ènìyàn wọ ẹranko láṣọ.

'Àdàmọ̀dì' ni èkejì. Ohun tí a bá pè bẹ́ẹ̀ ń díbọ́n ni. Bí ẹni tó ń ta ajá bá gbé ọmọ tí Rottweiler gùn Bingo bí jáde, tó sì gba owó odidi Rottweiler lọ́wọ́ oníbàárà, ẹnu òǹtajà ni àdàmọ̀dì wà. Ọmọ ajá kò pe ara rẹ̀ ní nǹkan kan.

'Àmúlùmálà' sàn díẹ̀. Àwa olùkọ́ èdè mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí òun la fi ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ki Gẹ̀ẹ́sì bọ àárín gbólóhùn Yorùbá wí. Ìgbà wo wá la gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ìyìn?

Ajá ìbílẹ̀ kò lù mọ́ nǹkan kan

Àbùkù tó wà nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kọ́ ló dùn wá jù. Èyí tó dùn wá jù ni pé a ń lò wọ́n fún ajá ìbílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ajá ìbílẹ̀ kì í ṣe àdàlù rárá. Kí nǹkan tó lè dà lù, ó gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ jẹ́ méjì. Láyé àtijọ́ ni ajá yìí ti wà nílẹ̀ wa. Èrò pé kí a máa kọ ìran ajá sínú ìwé ni kò tíì pẹ́. Ọdún 1873 ni wọ́n dá Kennel Club sílẹ̀ ní London. Ní Jámánì, ọdún 1899 ni Max von Stephanitz fi ajá kan, Horand, ṣe àkọ́kọ́ nínú ìwé ìran ajá olùṣọ́-àgùntàn wọn, láti inú àwọn ajá darandaran tí wọ́n ti ń lù mọ́ra tipẹ́. Èyí tí à ń pè ní ojúlówó lónìí, àdàlù àná ni. Orúkọ rẹ̀ pàápàá kò dúró lójú kan: lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun tó jẹ mọ́ Jámánì, wọ́n bá sọ ajá náà di Alsatian. Wọ́n ti dá orúkọ Jámánì padà fún un láti 1977, ṣùgbọ́n Alsatian náà ni ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè é títí di òní. Ogun ti parí, ó ku tẹnu wa.

Ní 2009, Adam Boyko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ajá abúlé ní Íjíbítì, Ùgáńdà àti Nàmíbíà. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ajá abúlé wọ̀nyí jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà pọ́ńbélé, nígbà tó jẹ́ pé Rhodesian Ridgeback, tó ní ìwé ìran tó sì ń jẹ́ orúkọ Áfíríkà, wá láti ọ̀dọ̀ ajá òkèèrè lápá tó pọ̀ jù. Ní 2018 ni iṣẹ́ mìíràn jáde lórí ajá ìbílẹ̀ Nàìjíríà gan-an. Àwọn onímọ̀ náà tọ́ka sí jíìnì kan, ADGRE1, pé ó lè wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ajá wa fara da àwọn kòkòrò àìsàn ilẹ̀ olóoru ju ajá òkèèrè lọ. Ẹ wá wò ó: bí a bá fi 'mongrel' pe ajá yìí, tí a tún fi pe ọmọ Alsatian àti Bingo, báwo ni dókítà ṣe fẹ́ mọ èyí tí ara rẹ̀ le nínú àwọn tó wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀?

Ohun tí a dábàá

Iṣẹ́ ni Yorùbá fi ń mọ ajá, kì í ṣe ìran. Ajá ọdẹ wà, ajá ilé wà. Òwe tó ní ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì kò béèrè ẹni tó bí i. Àwọn kan lè tipa èyí sọ pé èdè wa kò nílò ọ̀rọ̀ fún ìran ajá. A kò gbà bẹ́ẹ̀, torí ìlà tó wà lórí káàdì ń béèrè rẹ̀. Àwọn ìwé èdè-ìperí tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 àti èyí tí Awóbùlúyì tẹ̀ lé e ní 1990 dá lé ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn kò sí lára iṣẹ́ wọn.

Ní èrò tiwa, kí 'ajá ìbílẹ̀' dúró fún ti ilẹ̀ wa nìkan. Kí 'ajá oníwèé-ìran' rọ́pò 'ojúlówó', nítorí ìwé ló fi yàtọ̀. Èyí tí a mọ bàbá àti ìyá rẹ̀, tí ẹ̀yà wọn sì yàtọ̀, ni kí a pè ní 'ajá àdàlù'. Ẹni tó ń jẹ àdàlù mọ̀ pé ẹ̀wà àti àgbàdo ló wà nínú abọ́, ó sì mọ̀ pé ẹni tó sè é ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Wally Conron ṣe mọ̀ọ́mọ̀ da Labrador lù Poodle ní Ọsirélíà ní 1989, kí afọ́jú kan lè rí ajá afinimọ̀nà tí irun rẹ̀ kò ní máa yọ ọkọ rẹ̀ lẹ́nu. Èyí tí a kò bá mọ orísun rẹ̀, kí a kọ 'a kò mọ ìran rẹ̀'. Ó gùn, a mọ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kò nílò àtúnṣe nínú gbogbo èyí: dìgbòlugi. Àwọn kan máa ń rò pé ara ekuke le, kò nílò abẹ́rẹ́. Ara líle tí a sọ lókè yẹn kò kan dìgbòlugi. Ohun yòówù kí dókítà kọ sí ìlà ẹ̀yà, abẹ́rẹ́ kan náà ni gbogbo wọn yóò gbà, a ó sì tún un gbà nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé.