Ìlú Ayétòrò: Ǹjẹ́ Lóòótọ́ Ni Ó Ṣubú?

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan, a ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn tí wọ́n kọ ọ̀nà tí gbogbo ayé ń tọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n la ọ̀nà tiwọn. Ọ̀rẹ́ mi kan dìde, ó ní irú wọn kò sí láàárín Yorùbá, nítorí pé ọmọ Yorùbá kì í fi ìlànà ẹbí rẹ̀ sílẹ̀ àfi bí orí rẹ̀ bá dàrú. Ó ní òyìnbó tí ayé sú ni í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà dìde, mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì dárúkọ ìlú Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, létí òkun. Ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ nínú ìjókòó fi dá mi lóhùn. Ọ̀rẹ́ mi ní ìlú tí ó ti parí ni mo ń fi ṣe ẹ̀rí, pé òyìnbó tilẹ̀ ti kọ ìwé ìsìnkú rẹ̀. Mo mọ ìwé tí ó ń wí. Mo tún lọ kà á, òun ni mo sì fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín.

Stanley R. Barrett, ọ̀mọ̀wé ará Kánádà, ni ó kọ ìwé náà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1977, orúkọ rẹ̀ sì ni The Rise and Fall of an African Utopia. Bí a bá ní kí a túmọ̀ rẹ̀, a ó sọ pé ìtàn bí ìlú ìdẹ̀ra kan ní Áfíríkà ṣe dìde, tí ó sì ṣubú. Ìtàn tí ó sọ nìyí ní ṣókí. Ní ọdún 1947, àwọn apẹja Ìlàjẹ kan tí wọ́n ti inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù jáde, tí a ń ṣe inúnibíni sí nítorí ìgbàgbọ́ wọn, kó ara wọn jọ, wọ́n sì tẹ ìlú tiwọn dó. Àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ ni wọ́n ń pe ara wọn. Ibi tí wọ́n dó sí kì í ṣe ibi tí ẹni tí ó ní ibòmíràn láti lọ yóò yàn: ẹrẹ̀ ni, omi ni. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé sí, pákó ni wọ́n sì tẹ́ ṣe ọ̀nà. Wọ́n fi ohun gbogbo ṣe àjùmọ̀ní. Àpò kan ni owó ẹja gbogbo wọn ń wọ̀, láti inú àpò náà ni oúnjẹ àti aṣọ olúkúlùkù sì ti ń jáde. Àwọn ọkùnrin ní àdúgbò tiwọn, àwọn obìnrin ní tiwọn, títọ́ ọmọ sì di iṣẹ́ gbogbo ìlú. Kò pẹ́ tí ìlú tí a fi ẹja pípa bẹ̀rẹ̀ fi ní ọkọ̀ ńláńlá, ilé ìhunṣọ, ilé iṣẹ́ bàtà àti iná mànàmáná, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní ilẹ̀ wa ṣì ń tan àtùpà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di òpin àwọn ọdún 1960, olúkúlùkù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòwò tirẹ̀, ọkọ àti aya tún ń gbé pọ̀, àjùmọ̀ní sì ń yìnrìn. Èyí ni òǹkọ̀wé náà pè ní ìṣubú.

Kí n tó wá àléébù rẹ̀, ó yẹ kí n yìn ín níbi tí ìyìn tọ́ sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá bi àwọn ará Ayétòrò ìgbà náà léèrè ohun tí ó mú wọn lówó, Ọlọ́run ni wọn yóò dárúkọ. Barrett kò fi wọ́n ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó fi ìlú wọn wé ìletò mìíràn tí kò jìnnà sí wọn. Omi kan náà ni wọ́n jọ ń pẹja, ìgbàgbọ́ kan náà ni wọ́n jọ ní, ṣùgbọ́n ìletò kejì kò fi ohun ìní ṣe àjùmọ̀ní, kò sì lówó bí Ayétòrò. Nítorí náà, ó ní àjùmọ̀ní ni ó mú Ayétòrò là, kì í ṣe ẹ̀sìn. Ọgbọ́n gidi ni èyí. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí ó mú ọbẹ̀ dùn, kí ó se ìkòkò méjì, kí ó má fi iyọ̀ sí ọ̀kan.

Síbẹ̀, ìkòkò kẹta wà tí a kò rí lórí iná. Ta ni yóò bá òkun jà láti alẹ́ títí di òwúrọ̀, tí yóò wá da gbogbo ẹja rẹ̀ sórí òkìtì kan pẹ̀lú ti ẹni tí ó sùn gbàgbé, láìsí ohun kan tí ó gbà gbọ́ ju ẹja lọ? Bí a bá rí ìletò kan ní etíkun yẹn tí ó ní àjùmọ̀ní láìní ìgbàgbọ́, nígbà náà ni èmi yóò gbà pé a lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ní Ísírẹ́lì, níbi tí àwọn Júù ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá oko àjùmọ̀ní tí wọ́n ń pè ní kibbutz sílẹ̀ láti ọdún 1910, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ka ẹ̀sìn sí rárá. Ṣùgbọ́n àwọn náà ní ohun tí wọ́n gbà gbọ́ gidigidi: ilẹ̀ tiwọn, àti iṣẹ́ ọwọ́. Àjùmọ̀ní lè jẹ́ ọkọ̀, kò sí bí ọkọ̀ náà ṣe lè rìn láìsí atukọ̀.

Èyí kéré sí ohun tí ó dùn mí jù nínú ìwé náà, èyíinì ni orúkọ rẹ̀. Thomas More, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó dá ọ̀rọ̀ náà, Utopia, sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1516. Inú èdè Gíríìkì ni ó ti mú un, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ibi tí kò sí. Ẹ wá wo orúkọ tí àwọn apẹja wọ̀nyí sọ ìlú wọn. Wọn kò pè é ní ibi tí kò sí. Ayétòrò ni wọ́n pè é. Ohun tí ó bá tòrò jẹ́ ohun tí ó ti dàrú rí. Omi odò tí a ti fi ẹsẹ̀ rú, bí a bá fi í sílẹ̀, ẹrẹ̀ yóò rọlẹ̀, yóò sì tún mọ́. Ẹni tí ó sọ ilé rẹ̀ ní Ayétòrò kò sọ pé òun ti kúrò nínú ayé. Ohun tí ó ń sọ ni pé ayé yìí gan-an, tí ẹ rú mọ́ wa lójú, a fẹ́ kí ó rọlẹ̀.

Láti ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi ti yà kúrò lára ti Barrett, tí ó sì yà kúrò lára ti ọ̀rẹ́ mi pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì gbà pé àwọn ará Ayétòrò fi ìgbé ayé Yorùbá sílẹ̀. Èmi wò ó títí, mo sì rí agbo ilé. Ta ni nínú wa ni kò mọ agbo ilé? Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnìkan. Àwọn ọ̀dọ́ ń bá ara wọn ṣe àáró, wọ́n ń bẹ̀ ara wọn ní ọ̀wẹ̀. Àgbà tí ó bá rí ọmọ tí ń hùwà àìtọ́ yóò bá a wí, kò ní í kọ́kọ́ béèrè ta ni ó bí i. Àwọn àgbà náà ni wọ́n sọ pé ojú méjì ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Wọ́n tún ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Òwe méjèèjì yìí ni àwọn Àpọ́sítélì gbé, tí wọ́n fi kọ́ ìlú. Àṣà wa ni wọ́n mú lò, bí wọ́n tilẹ̀ lò ó dé ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lò ó dé rí.

Ṣùgbọ́n òwe kan wà tí wọ́n ní láti ṣẹ́: ọmọ ẹni kò ní ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Agbo ilé wa ń pín nǹkan fún gbogbo ọmọ ilé, nítorí pé bàbá ńlá kan ni ó bí wọn. Ayétòrò ní kí a pín in bákan náà fún ẹni tí a kò bá tan. Bí a bá fẹ́ ṣe èyí, ìfẹ́ ọkọ sí aya àti ti ìyá sí ọmọ ni ó kọ́kọ́ ń di ìṣòro, nítorí pé òun ni ó ń mú ènìyàn fi ẹja méjì pamọ́ fún ti ilé rẹ̀ kí ó tó da ìyókù sórí òkìtì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ya ilé ọkùnrin kúrò lára ti obìnrin. Kì í ṣe Ayétòrò nìkan ni ó dé oríta yìí. Ní Oneida, ní ìpínlẹ̀ New York, àwọn kan kó ara wọn jọ ní ọdún 1848, wọ́n ní ọkọ kan aya kan kò sí mọ́, wọ́n sì ń tọ́ ọmọ ní ilé àjùmọ̀ní. Nígbà tí ó di ọdún 1881, ìlú náà ti di ilé iṣẹ́ tí olúkúlùkù ní ìpín owó tirẹ̀ nínú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kibbutz náà ń jẹ́ kí àwọn ọmọ máa sùn ní ilé ọmọdé, lọ́tọ̀ sí òbí wọn. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá tó parí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni ó ti kó ọmọ padà sọ́dọ̀ ìyá.

Níhìn-ín ni mo ti fẹ́ bá ara mi náà wí, nítorí pé ó rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó lórí àga láti yin irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ó gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ ní òru láti ilé kejì, tí kò gbọdọ̀ dìde, kí ni ó rò? Ọmọ tí igba ojú ń wò, ǹjẹ́ kò wá ojú méjì náà? Bóyá inú wọn dùn. Bóyá ìyá kan dúpẹ́ pé òun nìkan kọ́ ni òun ń ru ẹrù ọmọ mọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá wa ní ilé olórogún ń fẹ́ tí wọn kò rí. Ìwé Barrett ṣàlàyé ètò náà dáadáa, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ètò kì í sunkún, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Ohùn ìyá àti ohùn ọmọ, ní ẹ̀ka èdè Ìlàjẹ tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ni ìwé tí mo ń retí yóò kún fún.

Ǹjẹ́ Ayétòrò ṣubú? Bí ènìyàn kan bá gbé ogún ọdún nínú ọlá, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé, tí ó bọ́ ọmọ aláìníbaba, lẹ́yìn náà tí ó yí ọ̀nà padà, a kì í pè é ní ẹni tí ó ṣubú. A ó ní ó lo ìgbà rẹ̀. Àwọn ènìyàn ṣì ń gbé Ayétòrò títí di òní, wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ náà. Ohun tí ó fẹ́ gbé ìlú náà ṣubú nísinsìnyí kì í ṣe ọkọ àti aya tí wọ́n padà sínú yàrá kan, kì í sì í ṣe òwò àdáṣe. Òkun ni. Ó ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé àti òpópónà lọ, kò sì tíì dáwọ́ dúró. Àwọn tí wọ́n tẹ ìlú náà dó ti ń tán lọ. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní 1947 ti di arúgbó tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa.

Nítorí náà, èmi kò bá ọ̀rẹ́ mi jà mọ́. Ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ ni pé kí ó tẹ̀lé mi. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, àwọn ọmọ Ìlàjẹ wà tí ìyá àgbà wọn lè jókòó tì wá, kí ó sọ bí ó ti rí kí gbogbo ìlú jẹ́ ilé kan. Ẹ jẹ́ kí a lọ bi í léèrè nígbà tí òkun ṣì fi ibi ìjókòó sílẹ̀ fún un.