Ọwọ́ Kan, Ohùn Mẹ́rin: Lámèyítọ́ Àwo Orin Solar Plexus

Bí pródúsà bá kó akọrin mẹ́rin jọ sórí àwo kan, ohun tí àwa tí a ń yẹ orin wò máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé ta ló nilé. Nínú agbo dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gúdúgúdú ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí ìyáàlù kò lè bá a ṣe. Nínú Solar Plexus, tó jáde ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, ọjọ́ kan náà tí ilé-iṣẹ́ orin Mavin bẹ̀rẹ̀, kò sí àríyànjiyàn: pródúsà náà, Don Jazzy, ló nilé. Ohun tó kù láti wò ni bí ó ṣe pín yàrá fún Wande Coal, Tiwa Savage, Dr SID àti D'Prince.

Umuahia ni wọ́n bí Don Jazzy sí, Ajégúnlẹ̀ ní Èkó ló ti dàgbà, ẹni tó bá sì gbàgbé èyí kò tíì gbọ́ àwo náà. Láti Boundary títí dé etí omi Apápá tí ènìyàn ti ń wo Snake Island lókèèrè, Ìjọ, Urhobo, Ìlàjẹ, Igbo àti Yorùbá ló ń gbé ojúlé kan náà. Orin tí kò bá ní ègbè tí gbogbo wọn lè gbà kò ní kọjá ẹnu ọ̀nà. Ohun tó sọ galala, orin ijó Ajégúnlẹ̀ tí Daddy Showkey ń kọ, di ti gbogbo ìlú nìyẹn: ègbè kúkúrú, pidgin, ijó tí ọmọdé lè jó. Don Jazzy jogún ọgbọ́n yìí. Ẹ gbọ́ Take Banana tí D'Prince, àbúrò rẹ̀, kọ. Ègbè rẹ̀ kò ju àwàdà díẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó dúró ṣinṣin, nítorí pé ìlù fi àyè sílẹ̀ gan-an níbi tí agbo ti máa dáhùn. Ẹni tó mọ èrò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Don Jazzy mọ ohùn pẹ̀lú. Láti ọmọ ọdún méjìlá ló ti ń ta gìtá bẹ́ẹ̀sì, ní ọdún 2000 ìlù ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé e dé London, ó sì hàn nínú bí ohùn ìsàlẹ̀ àwo yìí ṣe ń rìn láìpariwo. Oma Ga, orin Tiwa Savage, ni ẹ̀rí tó dára jù. Tiwa Savage jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ orin Berklee, ó ní ohùn tó lè gun òkè dé ibi tó bá wù ú. Don Jazzy kò ní kó gùn ún. Ó ní kó sọ̀rọ̀ bí ọmọ àdúgbò, ó sì fi ìlù tí kò kánjú sábẹ́ rẹ̀, débi pé a gbọ́ ẹ̀rín nínú ohùn náà. Orin tí a rán mọ́ akọrin lára nìyí. Ti Chocolate kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ohùn Dr SID fẹ́lẹ́, ìlù ló gbé e dé ilé.

Àléébù àkọ́kọ́ wà nínú ọ̀rọ̀. Oṣù Kẹta ọdún 2012 ni Mo'Hits, ilé-iṣẹ́ orin tí Don Jazzy àti akọrin D'banj jọ ní tẹ́lẹ̀, túká, àwo yìí sì jáde ní oṣù Karùn-ún. Ìkánjú náà hàn. Ẹsẹ orin pọ̀ tó jẹ́ pé arẹwà obìnrin àti ìgbádùn nìkan ló wà níbẹ̀, tí èkejì kò fi nǹkan kún èyí tó ṣáájú. A kò ní kí orin ijó di ìwàásù. Ṣùgbọ́n ní Ajégúnlẹ̀ kan náà, African China mú àwọn olórí ìlú lọ́rọ̀ nínú Mr President, a sì tún jó sí i. Pródúsà tó ní irú etí bíi ti Don Jazzy kò yẹ kó gba ọ̀rọ̀ tó rọrùn jù lọ́wọ́ akọrin rẹ̀.

Èyí tó dùn wá jù ni ti Wande Coal. Nínú Mushin 2 Mo'Hits, ọdún 2009, pródúsà yìí kan náà gbé Ololufe kalẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó jẹ́ kí ohùn náà máa fò. Nínú Solar Plexus, ohùn tó lágbára jù nínú ilé ń pín ìjókòó pẹ̀lú gbogbo ènìyàn bí ẹni pé ohùn mẹ́rin náà dọ́gba. Wọn kò dọ́gba, àwo tó bá sì ṣe bí ẹni pé wọ́n dọ́gba á pàdánù góńgó rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó jókòó sí àga D'banj. Nínú Curriculum Vitae, àwo Mo'Hits ti ọdún 2007, òun ló ń ṣíwájú tí àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e. Níbí, I'm a Mavin kéde orúkọ ilé tuntun, ṣùgbọ́n ìkéde lásán ló jẹ́. Ó di ọdún 2014, nínú Dorobucci, kí ohùn púpọ̀ tó wọnú ara wọn bó ṣe yẹ lábẹ́ ọwọ́ Don Jazzy, nígbà tí Wande Coal ti kúrò ní ilé náà.

Nítorí náà, iṣẹ́ oníṣẹ́-ọnà gidi ni Solar Plexus, ṣùgbọ́n kò tíì jinná. Ẹni tó bá ń kọ́ bí a ṣe ń rán ìlù mọ́ ohùn, kó gbọ́ Oma Ga dáadáa, kó sì padà sí àwo ọdún 2009 láti mọ ohun tí Wande Coal lè ṣe.