Ojú Kan, Ènìyàn Méjì: Ikú àti Ìyè nínú Fọ́tò Ìbejì

Ọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ ni Roland Barthes, lámèyítọ́ ará Faransé, ń ṣe nígbà tí ó kọ ìwé rẹ̀ lórí fọ́tò, èyí tí ó jáde ní ọdún 1980. Èrò rẹ̀ ni pé ikú lúgọ sínú fọ́tò gbogbo: ẹni tí à ń wò níbẹ̀ ti wà rí, ìgbà náà kò sì ní padà wá mọ́. Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ti gba èyí bí òfin. Ṣùgbọ́n àwọn fọ́tò ìbejì tí Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, rí ní Ìlá Ọ̀ràngún, tí ó sì kọ̀wé nípa wọn ní ọdún 1978, kò tẹ̀ lé òfin yẹn.

Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò pọ̀, èyí tí ó kù ni wọn yóò mú lọ sọ́dọ̀ ayafọ́tò. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì, a óò ya alààyè lẹ́ẹ̀kan, a óò sì tẹ àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, alààyè yóò wọ aṣọ tirẹ̀, lẹ́yìn náà yóò wọ irú aṣọ tí èkejì rẹ̀ ì bá wọ̀. Fọ́tò náà a sì dípò ère ìbejì.

Síbẹ̀, fọ́tò yìí kì í ṣe ère tí a kàn fi bébà ṣe. Agbẹ́gilére kì í gbẹ́ ọmọ ìkókó. Àgbàlagbà ni ó ń gbẹ́, ó ń mú òkú ọmọ dé ibi tí kò dé láyé. À ń wẹ ère, à ń fi osùn pa á lára. Fọ́tò kò ṣeé wẹ̀, ọjọ́ orí alààyè ni òkú sì ń lò níbẹ̀. Agbẹ́gilére kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ọmọ tí ó kù. Ayafọ́tò ní kí ó jókòó fún ẹni méjì.

Àwọn onímọ̀ a máa sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, wọn a sì yin ọgbọ́n iṣẹ́ (ó yẹ ní yínyìn, nítorí pé fífi ojú ìsopọ̀ pamọ́ nínú yàrá òkùnkùn kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ), ṣùgbọ́n ọmọ náà ńkọ́? Òkú ni Barthes ń wá nínú fọ́tò. Níhìn-ín, alààyè ni ó sọnù, nítorí pé nínú àwọn méjì tí ó jókòó, kò sí ẹni tí ó lè sọ èyí tí í ṣe òun. Ìyá nìkan ni ó lè nawọ́ sí ọ̀kan pé Táíwò nìyí, ó sì lè má fẹ́ nawọ́.