Godzilla Ń Jó
Àwọn ẹgbẹ́ wa a máa fi Godzilla, ẹranko abàmì inú fíìmù Jàpáánì, ṣe yẹ̀yẹ́ pé ènìyàn ló wà nínú awọ rọ́bà náà. Bẹ́ẹ̀ ni, Haruo Nakajima ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rẹ́rìn-ín nídìí fíìmù Ishiro Honda ti 1954, ọdún tí eérú bọ́ǹbù Amẹ́ríkà dà lé àwọn apẹja Jàpáánì lórí? Ìyá kan gbá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní wọn yóò dé ọ̀dọ̀ bàbá wọn láìpẹ́. Ní 1965, Godzilla kan náà ń fò sókè, ó ń jó! Honda yìí náà ló darí rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí, n kò sì tijú: àwọn tó ṣe é ló fẹ́ kí a rín in. Èyí tó dùn mí ni pé ibi ijó yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.