Ìdí Kò Sọ Ìṣe Di Rere: Àgbéyẹ̀wò Iyàn tí Àwọn Ọ̀dọ́ Kabong ń Jà lórí Àwọn Akọni inú Kọ́míìkì

Àṣamọ̀

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé ni iyàn tí àwọn ọ̀dọ́ kan ní Kabong, ní ìlú Jos, máa ń jà lórí àwọn akọni inú ìwé ìtàn aláwòrán tí a mọ̀ sí kọ́míìkì, àti inú fíìmù tí wọ́n ṣe láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀. A tẹ́tí sí wọn, a sì fi ojú lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá wo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dá akọni láre tàbí lẹ́bi. Èrò wa ni pé wọ́n mọ ìtàn dunjú, wọ́n sì ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń fi ìdí tí akọni fi ṣe nǹkan ṣe àwáwí fún ohun tó ṣe. A fi ìtàn Ògún ní Ìrè àti eré-onítàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà ṣe òṣùwọ̀n, a sì dábàá ìbéèrè mẹ́rin tí olùkọ́ lè fi tọ́ irú iyàn bẹ́ẹ̀ sọ́nà.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilé ẹjọ́ nìkan. Ẹni tó bá ń ka ìtàn náà ń dájọ́, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀: ó ń fẹ́ràn ẹ̀dá-ìtàn kan, ó ń kórìíra èkejì, ó sì yẹ kó lè sọ ìdí rẹ̀.

Kabong wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Jos North. Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń gbé ìlú Jos. Iṣẹ́ kùsà àti ọkọ̀ ojú irin ló kó ọ̀pọ̀ wọn wá, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló ń sọ Yorùbá nílé, Hausa ní òpópónà, Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì. Jos yìí kan náà ni olú ilé iṣẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ fíìmù wà, tòun ti ilé ẹ̀kọ́ fíìmù rẹ̀. Nítorí náà, kò yẹ kó yani lẹ́nu pé àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà ń fi fíìmù ṣe ọ̀rọ̀ sọ.

Láàárín sáà ẹ̀kọ́ kan, a máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù agẹrun kan ní Kabong ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, Yorùbá àti àwọn ẹ̀yà mìíràn, ti ń ṣáàjì fóònù, tí wọ́n sì ń jiyàn. Wọ́n ń pè wá ní Bàbá, wọ́n ń dìde lórí àga fún wa, ṣùgbọ́n bí iyàn bá ti gbóná, kò sí ẹni tó tún ń rántí pé àgbà kan jókòó níbẹ̀. Bí a ṣe fẹ́ gan-an nìyẹn. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Àwọn Akọni tí Wọ́n ń Jà Lé Lórí

Àwọn kan nínú àwa olùkọ́ Yorùbá máa ń wo kọ́míìkì bí eré ọmọdé tó ti òkè òkun wá. Ẹ jẹ́ kí a fi ọdún wé ọdún. Ní ọdún 1938 ni Superman kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1938 náà ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde. Ọmọ ọdún kan náà ni Superman àti Àkàrà-Ògùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ń fò lójú ọ̀run, tí èkejì ń gbé ìbọn wọ igbó.

Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta Powerman níbí, kọ́míìkì akọni aláwọ̀ dúdú tí Dave Gibbons àti Brian Bolland, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, ń ya àwòrán rẹ̀. Ní 2013 ni Jide Martin dá Comic Republic sílẹ̀ ní Èkó. Roye Okupe gbé ìtàn E.X.O. jáde ní 2015. Ìwé rẹ̀ mìíràn, Iyanu: Child of Wonder, jáde ní 2021, ó sì di eré orí tẹlifíṣàn ní 2025. Ọmọbìnrin aláìlóbìí ni akọni rẹ̀, ilẹ̀ Yorùbá sì ni wọ́n ti mú àwòkọ́ṣe ayé tó ń gbé.

Àìlera Ara Yàtọ̀ sí Àléébù Ìwà

Bí ejò bá bu Powerman jẹ, agbára rẹ̀ tán. Bí òkúta aláwọ̀ ewé kan láti ìlú ìbí Superman bá sún mọ́ ọn, ó di ọ̀lẹ. Àìlera nìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni jiyàn lórí oró ejò rí. Ta ni yóò bá ènìyàn wí pé ejò bù ú jẹ?

Ohun tó ń dá iyàn sílẹ̀ ni àléébù ìwà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn Spider-Man ní 1962, olè kan sá kọjá níwájú ọmọkùnrin náà. Ó lè dá a dúró, kò dá a dúró, ó ní kò kan òun. Olè náà ló padà pa ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà. Gbogbo rere tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀bi ọjọ́ náà ló ń tì í.

Kì í ṣe ohun tuntun létí Yorùbá. Ìtàn sọ pé Ògún dé Ìrè lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe àpéjọ tí ẹnu kò gbọdọ̀ fọhùn. Kò rí ẹni kí i, ó gbé agbè ẹmu, ó rí i pé ó ṣófo, ó bínú, ó sì fi idà ṣán àwọn ènìyàn ara rẹ̀ pa. Nígbà tó mọ òótọ́, ó kábàámọ̀, ó wọlẹ̀. Àwọn tó sọ ìtàn náà kò fi pamọ́ pé ebi àti òǹgbẹ ń pa á, wọn kò sì sọ pé nítorí náà kò jẹ̀bi. Wọ́n sọ méjèèjì pọ̀. Ọgbọ́n yìí ni a fi wo iyàn méjì tó le jù ní ṣọ́ọ̀bù náà.

Iyàn Kìíní: Ṣé Ó Yẹ kí Batman Pa Joker?

Batman kì í pààyàn. Joker kì í yé pààyàn. Ní 1988, ilé iṣẹ́ DC Comics fi ẹ̀mí Jason Todd, ọmọ tó ń ran Batman lọ́wọ́ nígbà náà, lé àwọn òǹkàwé lọ́wọ́. Joker ti lù ú bí ẹni máa kú, bọ́ǹbù sì wà nílé tó wà. Nọ́ńbà tẹlifóònù méjì ni wọ́n fún àwọn òǹkàwé, ọ̀kan fún ìyè, ọ̀kan fún ikú. Ìbò 5,343 ní kó kú, 5,271 ní kó yè. Ìbò 72 péré ló pa á. Nígbà tí wọ́n jí i dìde nínú ìtàn ní 2005, ohun tó ń bi Batman ni pé èé ṣe tí Joker fi wà láàyè síbẹ̀. Èsì Batman ni pé bí òun bá fi ẹsẹ̀ kan wọ ọ̀nà ìpànìyàn, òun kò ní lè padà.

“Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fẹ́ kó mọ́,” ọ̀dọ́ kan sọ. “Gbogbo ẹni tí Joker bá tún pa, ọrùn Batman ló wà.”

Èkejì dáhùn pé, “Ta ló fi Batman jẹ adájọ́? Ṣé kò sí kóòtù ni?”

Ẹni kẹta rẹ́rìn-ín: “Kóòtù tí Joker ń ti ibẹ̀ jáde lọ́dọọdún?”

Ẹni àkọ́kọ́ ń ka òkú, èkejì ń béèrè àṣẹ. Àwọn méjèèjì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Lójú tiwa, ìpinnu Batman láti má pààyàn kọ́ ni àléébù rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó sọ ọ̀rọ̀ ìlú di ọ̀rọ̀ ọkàn ara rẹ̀. Jason ń sọ ìyà tó jẹ òun, Batman ń sọ ohun tí òun lè dà. Ìpinnu rẹ̀ lè tọ́, kí èsì rẹ̀ má tó.

Iyàn Kejì: T'Challa àti Killmonger

Black Panther ti wà nínú kọ́míìkì láti 1966, ṣùgbọ́n fíìmù tó jáde ní 2018 ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ayé. Nínú fíìmù náà, ọba T'Chaka pa àbúrò ara rẹ̀ ní Oakland, Amẹ́ríkà, ní 1992, ó sì fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀ láìwẹ̀yìn. Ọmọ náà dàgbà, ó di Killmonger. Ó wá sí Wakanda, ó gba ìtẹ́ lọ́wọ́ T'Challa, ọmọ T'Chaka, ó sì fẹ́ kó ohun ìjà fún àwọn aláwọ̀ dúdú káàkiri ayé kí wọ́n fi gbẹ̀san.

Yorùbá ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọba yẹn kọ́lé, kò kọ́ ọmọ. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà gbè sẹ́yìn Killmonger. Àwọn kan ní òótọ́ ló ń sọ, ọ̀nà rẹ̀ ló burú. Ìgbà náà ni ọ̀dọ́ kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ wí pé, “Ẹni tí wọn kò dáná sun ilé bàbá rẹ̀ rí ló máa ń bá Killmonger wí.”

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Jos mọ ohun tó ń wí. Ìjà 2001, ti 2008 àti ti 2010 kò yọ ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn kankan sílẹ̀ nínú ẹkún. Agẹrun náà pa ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní, “Ilé tiwa náà jó. Bí mo bá mú ọ̀bẹ jáde lọ́la, ẹni tó jó o kọ́ ni màá bá níta. Ẹni tó wá gẹrun ni màá bá.”

A kò rí ìwé lámèyítọ́ kankan tó sọ ọ̀rọ̀ Killmonger ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó pọ́n ọn lójú kú kí ó tó dé. Àwọn tó bá nílé ni ó ń pa.

Fíìmù náà fúnra rẹ̀ fi òṣùwọ̀n lé wa lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, T'Challa lọ sí igbó Sambisa, ní ilẹ̀ wa níbí, níbi tí àwọn agbébọn ti ń kó àwọn ọmọbìnrin lọ. Ó fẹ́ kọlu ọ̀kan nínú wọn, Nakia sì dá a dúró pé ọmọdé ni, pé òun náà jẹ́ ẹni tí wọ́n jí gbé. Níbẹ̀, ìdí dín ẹ̀bi kù, nítorí pé ọmọ náà kò yan ohun tó ń ṣe. Killmonger yàn án. Iṣẹ́ ìdí ni láti fi bí ẹ̀bi ṣe tó hàn wá àti ibi tó yẹ kí a tún ṣe. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti nu ẹ̀jẹ̀ nù.

T'Challa náà kò mọ́ délẹ̀délẹ̀. Ọ̀dọ́ kan bi wá pé, “Bàbá, bí Killmonger kò bá jà, ṣé T'Challa ì bá ṣí ìlẹ̀kùn Wakanda fún ayé?” Ìbéèrè tó le ni, a kò sì fẹ́ sá fún un. Nakia ti sọ fún T'Challa ṣáájú pé kí Wakanda máa ran àwọn tó wà níta lọ́wọ́. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù, T'Challa kò gbà. Àfi ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀. Ẹ̀bi ọba ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tiwa òǹwòran náà wà níbẹ̀: ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí a fi jókòó tì wọ́n, kò sẹ́ni tó jà fún Nakia.

Ẹfúnṣetán àti Àwọn tí A Gbàgbé

Nínú Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1970, ikú ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyálóde bí, lórí ìkúnlẹ̀, ló sọ ọkàn rẹ̀ di òkúta. Ó ṣòfin pé ẹrúkẹ́rú òun kò gbọdọ̀ lóyún. Adétutù lóyún, wọ́n sì pa á. Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kọ ojú ìwé mẹ́ta lórí ìbànújẹ́ Ẹfúnṣetán. Ìlà kan péré ni wọ́n ń kọ lórí Adétutù.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Kabong. Killmonger yìnbọn pa ọmọbìnrin tó jẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè tẹ ọ̀tá. Kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ nínú iyàn náà. Àwa náà kò mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè Mẹ́rin fún Kíláàsì

A dábàá pé kí olùkọ́ lítíréṣọ̀ fi ìbéèrè wọ̀nyí tọ́ iyàn sọ́nà, ìbáà ṣe lórí kọ́míìkì tàbí lórí ìwé àpilẹ̀kọ:

1. Kí ni wọ́n fi ṣe akọni yìí, ta ló sì ṣe é?
2. Kí ló mọ̀, kí ló sì lè yàn ní àkókò náà?
3. Ta ló forí fá ohun tó yàn? Kí a dárúkọ rẹ̀.
4. Ta ló ti sọ òtítọ́ kan náà láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kí ló dé tí wọn kò gbọ́?

Ìbéèrè kìíní ni àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ jù. Èkejì ń yà wọ́n lára díẹ̀. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ni wọn kì í béèrè, àwọn náà ló sì lè tún ìlú ṣe.

Ìkádìí

A ti fi hàn pé iyàn lórí akọni kọ́míìkì kì í ṣe àwàdà lásán, pàápàá ní ìlú tí ọgbẹ́ rẹ̀ kò tíì jinná tán. Ìdí tó lágbára yẹ ní gbígbọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ìṣe búburú di rere. Ìbínú kò ṣe nǹkan fúnni, sùúrù ni baba ìwà, bí sùúrù náà bá rí ẹni tẹ́tí sí i.

Ní Sátidé tí a bi wọ́n ní ìbéèrè kẹta, ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ mú fóònù rẹ̀. Ó yí fíìmù náà dé ìparí, ó ń ka orúkọ àwọn òṣèré ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ṣe, ó gbójú sókè.

“Linda ni wọ́n ń pè é, Bàbá.”